Ṣé ìwé gidi ni, àbí ariwo lásán? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìwé Orïsha mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti Tomi Adeyemi

Ọ̀rọ̀ àwọn ìwé yìí kì í tán láàárín èmi àtàwọn tá a jọ ń kàwé. Bí ẹnì kan bá ní wọ́n dùn, ẹlòmíì á ní ta ló bèèrè adùn, Yorùbá inú wọn ńkọ́? Mo kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn lójúkojú. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì kà wọ́n, ẹ má bínú, màá tú àṣírí ìtàn níbi tó bá yẹ.

Ìwé wo gan-an là ń sọ?

Mẹ́ta ni wọ́n. Children of Blood and Bone jáde ní oṣù Kẹta 2018. Children of Virtue and Vengeance tẹ̀lé e ní oṣù Kejìlá 2019, Children of Anguish and Anarchy sì kádìí rẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2024. Tomi Adeyemi ló kọ wọ́n. Ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní 1993, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Harvard. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìtàn náà rèé. Ní ilẹ̀ Orïsha, idán wà lọ́wọ́ àwọn kan tí wọ́n ń pè ní maji, kí Ọba Saran tó pa gbogbo àgbà wọn run. Ìyá Zélie wà lára àwọn tí wọ́n pa. Àwọn ọmọ tó ṣẹ́kù kò lágbára kankan mọ́, àfi irun funfun tó ń tú wọn fó, owó orí tó ń ga sí i, àti oko ẹrú tó ń dúró dè wọ́n bí wọn ò bá rí owó náà san. Ọdún 11 lẹ́yìn náà ni Amari, ọmọ ọba yìí kan náà, gbé àkájọ ìwé kan sá kúrò láàfin. Àkájọ ìwé ọ̀hún, bó bá ti kan ọwọ́ ẹni tí idán wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, idán náà á jí. Òun, Zélie àti Tzain ẹ̀gbọ́n Zélie gbéra láti dá idán padà sílẹ̀ náà. Inan, ẹ̀gbọ́n Amari, ń fi idà lé wọn, títí tóun náà fi rí i pé ohun tóun fẹ́ pa run wà lára òun.

Ìwé ọmọdé ni. Kí ló kan àgbà níbẹ̀?

Ìwé ọ̀dọ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ọmọ iléèwé lọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ bá Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti Fágúnwà, tó jáde ní 1938, mi ò sì tíì rí àgbàlagbà tó ń tijú pé òun mọ Àkàrà-oògùn. Ohun tí mo máa ń wò lára ìwé ni bí gbólóhùn rẹ̀ ṣe rí, bí àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ ṣe ń hùwà, àti bóyá gbèsè tó jẹ wá níbẹ̀rẹ̀ ló san nígbẹ̀yìn. Ọjọ́ orí òǹkàwé kò yí ìyẹn padà.

Kí ló ṣe dáadáa?

Ẹ jẹ́ ká wo orí kìn-ín-ní. Mama Agba ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìjà ọ̀pá nínú ahéré rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé ẹ̀ṣọ́ ọba ń bọ̀, ọ̀pá wọlé, aṣọ jáde, gbogbo wọn di aránṣọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dé, wọn ò bá ìjà kankan níbẹ̀. Owó orí ni wọ́n wá gbà, wọ́n sì ti bù kún un. Òǹkọ̀wé kò tíì sọ fún wa pé wọ́n ń ni ẹnikẹ́ni lára nílẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n a ti rí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, a ti rí ohun tó ń fi pamọ́, a sì ti rí àwọn tí ń jẹun lára ẹ̀rù náà. Òǹkọ̀wé tó tó ọdún mẹ́rìnlélógún péré, tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn ìtàn báyìí, ó yẹ ká kí i.

Ìwé náà tún ń sáré. Ó lé ní 500 ojú-ewé, síbẹ̀ ọjọ́ méjì ni mo fi kà á, abọ́ ilé mi ló sọ ohun tí ojú ẹ̀ rí.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Inan. Ó máa ń ka oókan dé ẹẹ́wàá kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Ó ní ọmọ ayò kan tó ti ọwọ́ bàbá rẹ̀ wá, tó máa ń dì mú gírígírí bí ẹ̀rù bá ń bà á. Ọmọ ọba tó kórìíra idán ni idán wá yọ lára rẹ̀: ìlà irun kan ń funfun lórí rẹ̀, ó ń fi àkoto bò ó, ó tún ń wo ojú ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ti rí i. Ẹ má gbàgbé pé apànìyàn ni. Síbẹ̀ àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ojú sì ń tì mí pé àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Ìwé tó bá lè ṣe èyí fún àgbàlagbà, kì í ṣe ariwo lásán.

Àléébù rẹ̀ ńkọ́?

Ó pọ̀ díẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló ń sọ ìtàn nínú ìwé àkọ́kọ́, Zélie, Amari àti Inan, wọ́n ń gbà á fún ara wọn láti orí dé orí. Gbogbo wọn ń sọ “mo”, gbogbo wọn ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ náà. Ẹ fi ọwọ́ bo orúkọ tó wà lókè orí kan, kẹ́ ẹ ka ìpínrọ̀ méjì, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo dán an wò pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi kan tó ní òun mọ ìwé náà bí ẹni mowó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣì í. Ọmọ apẹja tó ń nájà ẹja, àti ọmọ ọba tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó àti bí wọ́n ṣe ń dìde, ó yẹ kí ẹnu wọn yàtọ̀.

Ìfẹ́ Zélie àti Inan ló tún dùn mí jù. Àwọn ọmọ-ogun Inan ló sun Ilorin, ìlú tí Zélie ń gbé. Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì ti ń pàdé lójú àlá, wọ́n ti ń wo ẹyinjú ara wọn. Kì í ṣe pé irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀. Ó ń fẹ́ àkókò ni. Iṣu tí wọ́n yọ kúrò lórí iná kó tó jinná, bó ti wù kí epo rẹ̀ dára tó, ẹnu á mọ̀.

Ohun mìíràn ni pé orí kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa parí síbi tí ẹnì kan ti ń kígbe tàbí tí idà ti ń bọ̀. Bó bá di ìgbà ogún, a ò ní sá fún idà mọ́.

Yorùbá inú rẹ̀ ńkọ́?

Ibí ni ẹjọ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú orúkọ ìlú kúrò lọ́nà. Nínú ìwé náà, Lagos ni olú-ìlú tí ààfin wà. Ilorin léfòó lójú omi. Ibeji wà nínú aṣálẹ̀, wọ́n sì ń jà níbẹ̀ fún ìwòran. Gombe ni wọ́n ti dá Zélie lóró. Ibadan wà lórí òkè. Àwọn kan ń bínú sí èyí, wọ́n ní ó yẹ kó wo máàpù. Èmi ò bínú. Ó mú orúkọ, ó fi kọ́ ilé mìíràn, òǹkọ̀wé ló ni ẹ̀tọ́ yẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka Ilorin tó léfòó, mo rẹ́rìn-ín, mo ṣí ojú-ewé tó kàn.

Àmì orí ọ̀rọ̀ ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ wo orúkọ ilẹ̀ náà: Orïsha, tótó méjì lórí i. Ẹ wo Roën, orúkọ ẹ̀dá ìtàn kan. Ẹ wo tîtán, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ọlọ́lá tí idán jí lára wọn nínú ìwé kejì. Ẹ wo ashê, tó yẹ kó jẹ́ àṣẹ. Nínú àkọtọ́ tiwa, àmì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Òun ló ń sọ fún wa bóyá ọkọ́ ni wọ́n gbé tàbí ọkọ̀. Àmì orí Orïsha kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Ọ̀ṣọ́ ni, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n so mọ́ igi àga kó lè dà bíi pé ó ti ọ̀nà jíjìn wá.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà. Bí maji kan bá fẹ́ pe agbára rẹ̀ nínú ìwé náà, Yorùbá gidi ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ní gbólóhùn tó gún, pẹ̀lú àmì ohùn, láàárín ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó ti rìn káyé. Mi ò lè ṣe bí ẹni pé kò wú mi lórí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo gbé ìwé náà lọ bá màmá mi, mo kà á sókè fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Ó dáa. Àdúrà ni.”

Mo ní, “Rárá o, Màámi, ọfọ̀ ni wọ́n ní ó jẹ́.”

Wọ́n ní, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọfọ̀ kì í bẹ̀bẹ̀.”

Mo ti ka ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn alámèyítọ́ kọ lórí ìwé yìí, kò sí èyí tó kan ojú abẹ níkòó bí ọ̀rọ̀ màmá mi. Nínú ọfọ̀, ìró ọ̀rọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Láwùjọ ẹ̀fọ́, tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́. Rinrin ló ní kí ayé ó rin. Ẹni tó ń pe ọfọ̀ kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó rántí orúkọ ewé, ó fa ìṣe yọ láti inú orúkọ náà, ó sì pàṣẹ. Bí ẹ bá tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, ewé lásán ló kù. Ti Zélie kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ké pe ẹ̀mí, ó ní kí wọ́n wá, ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀bùn wọn. Ẹ tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, kò ní din ohunkóhun kù, torí ó jọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ rò ó kó tó di Yorùbá.

Èyí ni ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú ìwé náà, àwọn tó kù kéré sí i. Ìtàn náà sọ fún wa pé èdè yìí ni agbára, pé ọba fòfin dè é torí agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ò rí ibi tí èdè náà ti ṣiṣẹ́ agbára kan tí èdè mìíràn ò lè ṣe. Ẹ fi èdè àtọwọ́dá kan rọ́pò rẹ̀, ìtàn náà á máa lọ bó ṣe ń lọ. Ká ní Zélie ní láti wá ọ̀rọ̀ tó bá orúkọ nǹkan mu kí ilẹ̀kùn tó ṣí, ká ní ó ṣi ohùn pè níjọ́ kan tí ohun tó pè sì yàtọ̀ sí ohun tó dé! Ọmọ tí wọ́n pa ìyá rẹ̀ kó tó kọ́ ọ ní èdè tán ni. Ohùn tó máa ṣì pọ̀. Gbogbo ohun èlò ọbẹ̀ yẹn wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó sè é.

Ṣé kò ba àwọn òrìṣà jẹ́?

Ìdílé maji mẹ́wàá ló wà nínú ìwé náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òrìṣà tirẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ àwọn kan: Oxosi, Ochumare, Ayao. Ẹni tó bá wò wọ́n dáadáa á mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà wá. Adeyemi fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé Salvador ní Bahia, ní Brazil, lòun ti rí àwòrán àwọn òrìṣà nínú ṣọ́ọ̀bù kan, tí ìtàn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lọ́kàn òun. Oxosi ni wọ́n ń kọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún. Ayao, àwọn ará Cuba ló mọ̀ ọ́n, àbúrò Ọya ni wọ́n ní ó jẹ́. Tẹ́ńpìlì inú ìwé náà ń jẹ́ Chândomblé. Ẹ yọ h àti àmì orí a kúrò, Candomblé, ẹ̀sìn tí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbìn sí Brazil, lẹ rí yẹn.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní òrìṣà inú ìwé yìí kò rí bí wọ́n ṣe ń bọ ọ́ nílé, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ilé kọ́ ni wọ́n ti mú un. Òrìṣà tó la òkun já dé Bahia, tó tún gba Amẹ́ríkà, ló padà wá bá wa nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ìrìnàjò yẹn fúnra rẹ̀ ìbá dára fún ìtàn. Ìwé náà gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kò sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ọya ló yà mí lẹ́nu jù. Nínú ìwé náà òun ló ni ìdílé Ikú, àwọn tí ń pe ẹ̀mí òkú, ìdílé Zélie gan-an. Èyí ní gbòǹgbò, Ọya kò jìnnà sí egúngún. Ṣùgbọ́n wọ́n gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Ayao. Ọya láìní ìjì! Ó dà bíi kí wọ́n ní Ògún wà, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló ni irin.

Ọ̀ṣun kò sì sí nínú àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Èṣù náà kò sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn bí àwọn irúnmọlẹ̀ ṣe fojú fo Ọ̀ṣun dá nígbà tí wọ́n dé ayé, tí gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ wọn ń dàrú títí wọ́n fi padà wá bẹ̀ ẹ́, ẹ lè rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbí.

Bí ìwé náà ṣe fi ìyá kan sí ọ̀run dípò Olódùmarè, ìyẹn ò dà mí láàmú. Ìwé àròsọ ni, kì í ṣe ìwé Ifá.

Àwọn kan ní Avatar ló jí kọ. Ṣé òótọ́ ni?

Avatar: The Last Airbender, eré àwòrán tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà láti 2005 sí 2008. Iná, omi, ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tí wọ́n pín fún èèyàn. Ọmọ ọba tó ń lépa àwọn akíkanjú kí bàbá rẹ̀ lè yìn ín. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ìyá wọn ti kú lọ́wọ́ ọ̀tá. Wọ́n jọra, kò sí bí a ṣe lè yí i. Adeyemi náà kò fi ìfẹ́ tó ní sí eré náà pamọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀lé ọmọ ọba méjèèjì dé òpin. Zuko ti inú eré náà yí padà, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń lé. Inan dé oríta kan náà, ọ̀nà bàbá rẹ̀ ló gbà. Ẹni tó bá kàn fẹ́ dàwé kọ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, torí ọ̀nà tó ṣe yẹn ló ń dun òǹkàwé jù. Férémù ló yá, àwòrán inú rẹ̀ tirẹ̀ ni.

Àlàyé tí òǹkọ̀wé kọ sẹ́yìn ìwé àkọ́kọ́, ṣé kò sọ ìtàn di ìwàásù?

Ó sọ níbẹ̀ pé inú omijé òun ni ìwé náà ti jáde, nígbà tí ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú tí ọlọ́pàá ń yìnbọn pa ní Amẹ́ríkà kò dáwọ́ dúró. Ó ní bí ẹ bá sunkún nítorí àwọn ọmọ inú ìwé òun, kẹ́ ẹ sunkún nítorí àwọn ọmọ gidi, ó sì dárúkọ wọn. Fún èmi, ìwàásù kọ́ nìyẹn. Ẹ̀yìn ìtàn ló wà, kò já lu inú rẹ̀. Nínú ìtàn gan-an, “ìdin” ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ onírun funfun láti ìbẹ̀rẹ̀; tó bá wá di Gombe, wọ́n fi ọ̀bẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀yìn Zélie. Mo pa ìwé dé fúngbà díẹ̀ níbẹ̀.

Ìṣòro tí mo rí níbẹ̀ yàtọ̀. Àfiwé náà kò gún régé. Tamir Rice, ọ̀kan lára àwọn tó dárúkọ, ọmọ ọdún méjìlá tó ń fi ìbọn ìṣeré ṣeré níta ni, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ibi tí ìkà tí wọ́n hù sí i wà gan-an nìyẹn. Maji ní tirẹ̀ lè jó ìlú run. Saran pàápàá, àwọn maji ló sun ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Nítorí náà ẹ̀rù tó ń ba ọba náà ní ìdí, bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù tí ń ba ẹni tó yìnbọn fún ọmọ aláìlóhun-ìjà kò ní. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní mo ń walẹ̀ jù, pé ìtàn tí ọ̀tá rẹ̀ kò ní ìdí kankan á gọ̀. Wọ́n lè jàre. Ṣùgbọ́n bí òǹkọ̀wé bá fẹ́ kí n gbé ìtàn náà ka ayé gidi, mo gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ó ka a délẹ̀.

Ìwé kejì àti ìkẹta ńkọ́?

Ìkejì ló gbọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ló rẹ̀ mí jù. Idán ti padà, ṣùgbọ́n ó padà sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́lá náà, tí ẹ̀jẹ̀ baba ńlá tí wọ́n fi pamọ́ tú àṣírí wọn. Ogun abẹ́lé bẹ́. Àwọn maji tó dìde ń jẹ́ Iyika. (Mo rò pé ìyípadà ni wọ́n ń wá. Ìyíká tí mo mọ̀, ohun tó yí po ni, bí ọgbà. Ó ṣeé ṣe kí ìwé atúmọ̀ èdè ló ti wá.) Ibi tó ti gbọ́n ni Amari. Ọmọ jẹ́jẹ́ tó sá nílé bàbá rẹ̀ torí ìwà ìkà wá di ẹni tó lè fi ẹ̀mí aláìṣẹ̀ rúbọ nítorí àlàáfíà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá rẹ̀ gan-an. Ó ń ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ ló ní àlàyé. Ohun tó rẹ̀ mí ni pé ìjà kan náà ni Zélie àti Amari ń jà: wọ́n á bínú, wọ́n á parí rẹ̀, wọ́n á tún bínú.

Ìkẹta pẹ́ kó tó dé, ó ju ọdún mẹ́rin lọ, ó sì tín-ínrín ju àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Àwọn ọ̀tá tuntun tí wọ́n ń jẹ́ Skulls kó àwọn akíkanjú wa sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n dè wọ́n ní ẹ̀wọ̀n. Kò sẹ́ni tó máa ka àwọn orí inú ọkọ̀ yẹn tí kò ní mọ ọkọ̀ tí wọ́n jọ. Wọ́n dára. Ṣùgbọ́n ìjà ìwé kejì, ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ láàárín maji àtàwọn tó jọba lé wọn lórí, ta ló parí rẹ̀? Àlejò tó ti òkè òkun wá gbógun ló jẹ́ kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Gbèsè ìwé àkọ́kọ́ kò san tán.

Ṣebí ó gba àmì-ẹ̀yẹ?

Ìwé àkọ́kọ́ gba Andre Norton, tí wọ́n máa ń fún ìwé ọ̀dọ́ pẹ̀lú Nebula, ó sì gba Lodestar, tí ìwé ọ̀dọ́ náà ló wà fún, ní 2019 níbi tí wọ́n ti ń fúnni ní Hugo. Nebula àti Hugo, àmì-ẹ̀yẹ ńlá fún ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì àti ti idán ni wọ́n. Ó yẹ ẹ́. Àmọ́ àmì-ẹ̀yẹ kì í ka ìwé fún ni.

Ṣé ó tó Fágúnwà? Ṣé ó tó Tutùọlá?

Rárá. Mo sì mọ̀ pé ìbéèrè náà kò tọ́ sí i, àwọn tó ń bèèrè rẹ̀ sábà máa ń fẹ́ fi Fágúnwà lu ọmọ náà lórí ni. Àwọn tí ń sọ pé ìwàásù pọ̀ nínú ìwé Adeyemi, ẹ tún Fágúnwà kà. Ó máa ń dá ìtàn dúró gbọnmọgbọnmọ láti bá wa wí.

Tutùọlá ló yẹ ká mú wá sí àríyànjiyàn yìí. Nígbà tí The Palm-Wine Drinkard jáde ní 1952, akéwì tó ń jẹ́ Dylan Thomas yìn ín nínú ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ojú ń ti àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dára, ó fẹ́ dójú ti wa. Lónìí, Gẹ̀ẹ́sì tó “kò dára” yẹn gan-an là ń kọ́ nípa rẹ̀, torí Yorùbá ló ń mí lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ka gbólóhùn rẹ̀ kan, ẹ óò gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ti Adeyemi, òdìkejì ni: Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà tó gún, tó já geere, Yorùbá sì jókòó lórí rẹ̀ bí fìlà. Ẹ ṣí fìlà, orí náà ò yí padà.

Òun kọ́ sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó la ọ̀nà yìí. Nnedi Okorafor ti gbé Zahrah the Windseeker jáde láti 2005, ìwé náà sì gba ẹ̀bùn Wọlé Ṣóyínká ní 2008. Ẹ wá a kà.

Fíìmù ńkọ́?

Gina Prince-Bythewood ló ń darí rẹ̀, Thuso Mbedu ni Zélie, wọ́n sì ti kéde pé ó di 2027. Ohun tí mo ń dúró de ni bí wọ́n ṣe máa pe àwọn ọfọ̀ yẹn. Nínú ìwé, òǹkàwé tí kò gbọ́ Yorùbá lè fojú fò wọ́n. Nínú fíìmù, ẹnu ni wọ́n máa fi sọ wọ́n, a óò sì gbọ́.

Ọmọ ọdún mélòó ló lè kà á?

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sókè, lójú tèmi. Ìdálóró wà níbẹ̀, ikú òbí wà níbẹ̀, Adeyemi kò sì gbé ojú wa kúrò. Bí ọmọ bá kéré jù bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kà á fúnra yín.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yá ti mi kà lẹ́yìn ìdánwò rẹ̀. Mo ti sọ gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí fún un, ó ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbádùn ẹ̀ ná.” Ìgbà tó dá a padà, mo rí i pé ó ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí iwájú ìwé náà, níbi tí wọ́n to àwọn ìdílé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí. Ó fa ìlà kan sábẹ́ ìkẹwàá, ó kọ 11, ó kọ Ọ̀ṣun síwájú rẹ̀, gbogbo àmì rẹ̀ pé. Ibi tó yẹ kó kọ agbára tí wọ́n ní sí, ó ti kọ nǹkan kan, ó pa á rẹ́, ó tún kọ òmíràn, ó tún pa ìyẹn náà rẹ́.